Bí ẹ ṣe lè di pharmacy technician láti community college ní Houston, látorí fọ́ọ̀mù títí dórí káàǹtà

Ẹ jẹ́ kí n là á mọ́lẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ pharmacy technician ò le láti kọ́. Ohun tó ń da àwọn èèyàn wa láàmú ni pé ohun tó yẹ kí wọ́n fi ṣáájú ni wọ́n máa ń fi kẹ́yìn, wọ́n á ti sáré lọ sanwó school, ìgbà tí wọ́n bá dé àárín ni wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá sábùkéètì WAEC kiri, wọ́n á máa wá káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára, àwọn tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ á ti wọ fámásì lọ kọ́ṣẹ́, àwọn á ṣì jókòó sílé. Ìwé ló ń pẹ́, ẹ̀kọ́ ò pẹ́. Torí ẹ̀ ni mo ṣe tò ó bí mo ṣe tò ó yìí. Ti Houston ni mò ń sọ torí ibẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, àwa Yorùbá sì pọ̀ níbẹ̀ gan-an. Tẹ́ ẹ bá wà ní Dallas tàbí Austin, òfin kan náà ni torí Texas ni gbogbo ẹ̀, àmọ́ tó bá jẹ́ Maryland tàbí Georgia lẹ wà, ẹ lọ wo ohun tí board ti state yín, ìyẹn àjọ tó ń darí iṣẹ́ fámásì, sọ, state kọ̀ọ̀kan ló ní tiẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe

Tech ló ń gba ìwé oògùn tí dókítà kọ, ì báà jẹ́ èyí tó gba orí kọ̀ǹpútà wọlé, ì báà jẹ́ èyí tí aláìsàn mú dání wá. Òun ló ń tẹ̀ ẹ́ wọlé, òun ló ń bá ìnṣọ́ráǹsì fà á, òun ló ń ka hóró oògùn sínú ike tó ń lẹ lébẹ́ẹ̀lì mọ́ ọn, òun náà ló ń wò ó tí oògùn bá ti fẹ́ tán lórí ṣẹ́ẹ̀fù kó lè ní kí wọ́n gbé òmíì wá. Pharmacist ló ń yẹ gbogbo ẹ̀ wò kẹ́yìn, òun náà ló sì ń gba aláìsàn nímọ̀ràn. Tó bá jẹ́ ilé ìwòsàn, tech lè máà fojú kan aláìsàn látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ó lè jẹ́ oògùn tí wọ́n ń fà sí àpò dírípù ló máa ń pò, tàbí kó máa ti kẹ̀kẹ́ oògùn lọ sí wọ́ọ̀dù.

Owó ńkọ́? Ìjọba Amẹ́ríkà fúnra wọn, ìyẹn Bureau of Labor Statistics, fi tech tó wà láàárín, tí ìdajì ń gbà jù ú lọ tí ìdajì ò sì tó o, sí ohun tó lé ní $40,000 lọ́dún. Kì í ṣe owó nọ́ọ̀sì o, kẹ́ni kẹ́ni má tàn yín. Ilé ìwòsàn sábà máa ń sàn jù fámásì títì lọ. Orí ìdúró lẹ sì máa wà lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ ra bàtà tó dáa.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe pharmacy technician nílé, tẹ́ ẹ lọ School of Health Technology, ìmọ̀ yín á wúlò fún yín gan-an nínú kíláàsì, àmọ́ ìwé yẹn nìkan ò lè gbé yín dé ẹ̀yìn káàǹtà ní Texas, ẹ ṣì máa ṣe ìdánwò níbí kẹ́ ẹ tó gba registration.

Ìwé yín ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe school

Ohun tí board Texas ń béèrè ní ti ìwé ni high school diploma tàbí GED, ìdánwò tó lè dúró fún ìwé ẹ̀rí high school. WAEC yín lè dúró fún un, àmọ́ ẹ ní láti fún ilé iṣẹ́ tó ń ṣe evaluation, bí WES, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó tó high school ti Amẹ́ríkà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì yín èwo ni wọ́n ń gbà kẹ́ ẹ tó sanwó. Tí wàhálà ilé bá pọ̀ jù, tí school ti jóná tàbí tẹ́ni kankan ò dáhùn, ẹ jókòó ṣe GED, ẹlòmíì ti fi oṣù púpọ̀ retí ìwé látilé tó jẹ́ pé ká ní GED ló gbájú mọ́ ni, á ti ṣe é tán.

Orúkọ. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ farabalẹ̀ ka ibí yìí. WAEC ń pè yín ní Ọlájùmọ̀kẹ́ Àdùkẹ́ Bánkọ́lé, páspọ́ọ̀tù ní Jùmọ̀kẹ́ Bánkọ́lé, green card gbé orúkọ ọkọ síwájú, káàdì Social Security gé Àdùkẹ́ dà nù. Lójú tiwa, ẹnì kan náà ni, ta ni ò mọ̀! Lójú kọ̀ǹpútà tó ń wá ìtàn ẹ̀ṣẹ̀ yín lọ́dọ̀ ọlọ́pàá, èèyàn mẹ́rin ni. Lọ́jọ́ ìdánwò, tí orúkọ tẹ́ ẹ fi forúkọ sílẹ̀ ò bá bá ti ID yín mu, wọ́n lè ní kẹ́ ẹ máa lọ sílé. Nítorí náà ẹ mú orúkọ kan, èyí tó wà lórí ID tí ìjọba fún yín níbí, òun ni kẹ́ ẹ máa lò látorí fọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ dé èyí tó kẹ́yìn, kẹ́ ẹ sì tọ́jú ìwé ìgbéyàwó tàbí affidavit tó so àwọn yòókù pọ̀.

School wo?

Ní àyíká Houston, Houston Community College ní Coleman College nínú Texas Medical Center, ibẹ̀ ni wọ́n kó àwọn ẹ̀kọ́ ìlera wọn sí. Lone Star College wà fún àwọn ará àríwá, San Jacinto College wà fún àwọn ará Pasadena àtàwọn tó wà lápá ibẹ̀ yẹn. Gbogbo wọn la mọ̀ mọ́ ẹ̀kọ́ yìí, àmọ́ ètò ẹ̀kọ́ máa ń yí padà, ẹ lọ sórí wẹ́bùsáìtì ASHP kẹ́ ẹ fojú ara yín rí i bóyá èyí tẹ́ ẹ fẹ́ lọ ṣì ní accreditation ASHP/ACPE, ìyẹn ìfọwọ́sí àwọn àjọ méjì tó ń yẹ ẹ̀kọ́ fámásì wò. Ìwọ̀n méjì ni wọ́n ní: èyí tí wọ́n ń pè ní entry-level, ó kéré tán wákàtí 400, àti advanced, ó kéré tán wákàtí 600. Tẹ́ ẹ bá mọ̀ pé ilé ìwòsàn lẹ fẹ́, advanced ni kẹ́ ẹ lé.

Kí ló dé tí mo fi ń pariwo community college? Torí àwọn school aládàáni kan wà tó ń gba owó gọbọi, ìpolówó wọn á máa ké lórí rédíò, ohun tí wọ́n sì ń kọ́ yín ò ju ohun tí kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba ń kọ́ yín lọ. Kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí owó ẹ̀ fúyẹ́, pàápàá tó bá jẹ́ pé inú district (àgbègbè) wọn lẹ ń gbé, torí iye mẹ́ta ni wọ́n ń gbà: ti ará district, ti ará Texas tí kì í ṣe ará district, àti ti ẹni tó wá láti ìta. Kẹ́ ẹ tó di ará Texas lójú wọn, ẹ ní láti ti gbé níbẹ̀ fún oṣù 12. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé pẹ̀lú green card, tí ò bá kánjú, ó lè kọ́kọ́ máa fi ọdún yẹn to ìwé àti abẹ́rẹ́ ẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá ní green card tàbí tẹ́ ẹ ti di ọmọ ìlú, ẹ kọ FAFSA, fọ́ọ̀mù tẹ́ ẹ fi ń béèrè owó ìrànwọ́ school lọ́wọ́ ìjọba, ọ̀fẹ́ ni, ẹ má sanwó fún ẹnikẹ́ni kó bá yín kọ ọ́. Òun ló ń gbé Pell Grant wá, owó tẹ́ ẹ ò ní dá padà, èyí tó tó $7,395 lọ́dún fún ẹni tí owó tó ń wọlé fún un ò tó nǹkan. Ẹni tó wà lórí F-1, visa akẹ́kọ̀ọ́, ò ní í rí i gbà o. Ìbéèrè kan wà tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ bi wọn lẹ́nu kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí nǹkan kan: "Ṣé credit ni ẹ̀kọ́ yìí àbí continuing education?" Credit ni èyí tí wọ́n ń kà mọ́ oyè. Continuing education, tí wọn kì í kà mọ́ oyè, máa ń yá, ọ̀pọ̀ ìgbà ló sì jẹ́ pé Pell ò bo ó, kò sì ní bá yín dé ibì kankan tẹ́ ẹ bá fẹ́ gba oyè associate (ti ọdún méjì) lọ́jọ́ iwájú. Ti credit ló lè dàgbà di nǹkan míì.

Ìlera àti ìtọ̀

Kẹ́ ẹ tó wọ fámásì tàbí ilé ìwòsàn kọ́ṣẹ́, wọ́n á béèrè abẹ́rẹ́ MMR (tó ń dènà measles, mumps àti rubella), chickenpox, hepatitis B, tetanus, flu, àti àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ. Tẹ́ ẹ ò bá tíì pé ọdún 22, Texas tún máa ní kẹ́ ẹ gba abẹ́rẹ́ meningitis kẹ́ ẹ tó jókòó ní kíláàsì rárá. Hepatitis B tó jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹta yẹn oṣù mẹ́fà ló ń gbà, ìyẹn ni mo fi ní kẹ́ ẹ tètè bẹ̀rẹ̀. Èyí tí wọ́n ń gún lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù kan wà fún àgbàlagbà, Heplisav lorúkọ ẹ̀, ẹ béèrè ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti gbà á nílé tí káàdì sọ nù, ẹ ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò, tó bá fi hàn pé ara yín ti mọ̀ ọ́n, wọn ò ní í gún yín mọ́.

Ti ikọ́ ẹ̀gbẹ gan-an ni tiwa yàtọ̀. Wọ́n ti gún àwa tí wọ́n bí ní Nàìjíríà ní BCG láti ìkókó, ẹ wo apá yín, àpá ẹ̀ ṣeé ṣe kó ṣì wà níbẹ̀. BCG yẹn lè mú kí àyẹ̀wò orí awọ wú bí ẹni pé ẹ ti kó o, ni wọ́n á bá ní kẹ́ ẹ lọ ya àyà ní x-ray, ọjọ́ á sì máa lọ. Ẹ sọ fún wọn ní gbangba pé ẹ ti gba BCG, pé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lẹ fẹ́, èyí tí wọ́n ń pè ní QuantiFERON. BCG kì í ru ìyẹn lójú.

Wọ́n á tún yẹ ìtọ̀ wò fún oògùn olóró. Mo mọ̀ pé ẹ kì í fa nǹkan kan, àmọ́ ẹ gbọ́: tramadol tí bùrọ̀dá yín mú bọ̀ látilé fún ẹ̀yìn tó ń dùn yín, tí dókítà ibí ò kọ fún yín, ó lè jáde nínú ẹ̀. Sírọ́ọ̀pù ikọ́ tó ní codeine náà lè jáde. Súùtì delta-8, tó ní èròjà bíi ti igbó nínú, tí wọ́n ń tà ní ilé epo náà lè jáde, kí ilé epo máa tà á ò ní kí àyẹ̀wò máà mú un.

Nínú kíláàsì

Ẹ̀kọ́ tó máa gba àkókò yín jù ni orúkọ oògùn, igba oògùn tí wọ́n ń kọ jù lọ, orúkọ ilé iṣẹ́ àti orúkọ gidi, ohun tó ń ṣe, ohun tó lè dà sílẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ oògùn látilé, ẹ ṣọ́ra, òyìnbó Amẹ́ríkà yí orúkọ wọn padà. Paracetamol ni wọ́n ń pè ní acetaminophen, salbutamol di albuterol, glibenclamide di glyburide, adrenaline di epinephrine, pethidine di meperidine. Ampiclox ẹ ò ní í rí i. Novalgin náà ò sí, wọ́n ti lé e kúrò lọ́jà níbí láti 1977.

Ẹ má há igba oògùn sórí bí ẹni ń há ewì, ẹ wo ìrù wọn. Èyí tó bá parí sí -pril, ẹ̀jẹ̀ ríru ni, lisinopril. -sartan náà ẹ̀jẹ̀ ríru, losartan. -olol ń mú kí ọkàn rọra lù, metoprolol. -dipine, amlodipine, tí ìdajì àwọn òbí wa ń lò. -statin fún ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀. -prazole fún inú tó ń ta, omeprazole, àmọ́ ẹ wò ó, aripiprazole náà parí sí -prazole, oògùn ọpọlọ sì ni! Irú ẹ̀ ni wọ́n fẹ́ràn láti fi sínú ìdánwò. Ẹ ya hydroxyzine sọ́tọ̀ kúrò lára hydralazine pẹ̀lú, ọ̀kan fún ara tó ń yún àti àìbalẹ̀ ọkàn, èkejì fún ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n sì máa ń wà nítòsí ara wọn lórí ṣẹ́ẹ̀fù.

Ìṣirò ló ń dẹ́rù ba àwọn tó ti pẹ́ tí wọ́n kúrò ní school. Kò ju ìlọ́po àti pínpín lọ. Ẹ jẹ́ ká ṣe ọ̀kan. Ọmọ kan wọn pọ́n-ùn 22. Dókítà kọ amoxicillin, mílígíráàmù 45 fún kílò kọ̀ọ̀kan lójúmọ́, pín in sí ẹ̀ẹ̀mejì, ọjọ́ mẹ́wàá. Oògùn tó wà nílẹ̀ jẹ́ 250 mg nínú 5 mL. Kílò kan jẹ́ pọ́n-ùn 2.2, nítorí náà ọmọ yìí jẹ́ kílò 10. 45 lọ́nà 10 jẹ́ 450 mg lójúmọ́, tẹ́ ẹ bá pín in sí méjì ó di 225 mg lẹ́ẹ̀kan. 250 nínú 5 mL túmọ̀ sí 50 mg nínú mL kan, 225 pín sí 50 jẹ́ 4.5 mL. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ jẹ́ 9 mL, ọjọ́ mẹ́wàá jẹ́ 90 mL, ẹ ó gbé ìgò 100 mL, ẹ ó wọn omi sí i bí ìgò ṣe sọ. Ẹ máa kọ ẹyọ rẹ̀ sílẹ̀ nígbà gbogbo, mg ni àbí mL, ẹni tó bá kọ nọ́ńbà lásán ló ń ṣì í.

Ìkejì ni iye ọjọ́ tí oògùn máa lò. Ìgò insulin U-100 (yúníìtì 100 nínú mL kan) tó jẹ́ 10 mL, yúníìtì 1,000 ló wà nínú ẹ̀. Aláìsàn ń gún 20 láàárọ̀, 20 lálẹ́. 1,000 pín sí 40, ọjọ́ 25. Tí tech bá tẹ 30 torí pé 30 ló mọ́ ọn lọ́wọ́, aláìsàn á padà wá ní ọjọ́ 25, ìnṣọ́ráǹsì lè sọ pé kò tíì tó àsìkò, insulin sì ti tán nílé. Gbogbo ìyẹn, nọ́ńbà kan ṣoṣo ló fà á.

Ẹ ó kọ́ àmì tí dókítà ń lò: BID ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, TID ẹ̀ẹ̀mẹta, QID ẹ̀ẹ̀mẹrin, AC kó tó jẹun, HS ìgbà tó bá fẹ́ sùn, PRN ìgbà tó bá nílò ẹ̀. Ẹ má kọ 5.0, ẹ kọ 5, torí tí ojú bá fo àmì yẹn ó di 50. Bẹ́ẹ̀ náà lẹ ò gbọdọ̀ kọ .5 láìsí òdo níwájú. Ọjọ́ náà ńkọ́, òyìnbó ibí oṣù ni wọ́n ń kọ ṣáájú, 05/06 jẹ́ ọjọ́ kẹfà oṣù karùn-ún, kì í ṣe ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹfà.

Òfin ni apá tí mo fẹ́ràn jù. Controlled Substances Act ti 1970 ló pín oògùn tó lè di bárakú sí ìpele márùn-ún. Ìpele kìíní ò sí lórí ṣẹ́ẹ̀fù fámásì. Ìkejì, bí oxycodone àti Adderall, kò sí refill, ìyẹn títún un fún aláìsàn láìsí ìwé tuntun, rárá. Ìkẹta àti ìkẹrin, refill ò gbọdọ̀ ju márùn-ún lọ láàárín oṣù mẹ́fà. Tramadol tá à ń sọ lẹ́ẹ̀kan, ìkẹrin ló wà láti 2014. Wọ́n á tún kọ́ yín bí ẹ ṣe lè mọ̀ tí nọ́ńbà DEA dókítà (èyí tí àjọ ìjọba tó ń ṣọ́ oògùn olóró fún un) bá jẹ́ ayédèrú, ó dùn mọ́ mi títí dòní. Lẹ́tà méjì, nọ́ńbà méje. Lẹ́tà kejì sábà máa ń jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ ìdílé dókítà. Ká ní Dókítà Adéyẹmí ni, tí nọ́ńbà jẹ́ BA1234563. Ẹ ro nọ́ńbà kìíní, ìkẹta àti ìkarùn-ún pọ̀, 1, 3, 5, ó jẹ́ 9. Ẹ ro ìkejì, ìkẹrin àti ìkẹfà pọ̀, 2, 4, 6, ó jẹ́ 12, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, 24. 9 àti 24 jẹ́ 33. Nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn 33 ni 3, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ òun ló gbẹ̀yìn nọ́ńbà DEA náà. Tí kò bá bára mu, ẹ má bá ẹni tó mú ìwé wá jà o, ẹ rọra gbé e lọ fún pharmacist.

Yàrá tí wọ́n ti ń po oògùn abẹ́rẹ́

Ibí ni àwọn obìnrin wa ti máa ń bínú sí olùkọ́. Èékánná tí wọ́n lẹ̀, ẹ yọ ọ́. Ìpéǹpéjú tí wọ́n lẹ̀, ẹ yọ ọ́. Òrùka, ẹ̀gbà ọwọ́, àtíkè, ẹ fi wọ́n sílé. Òfin USP 797 ni, ìlànà bí wọ́n ṣe ń po oògùn abẹ́rẹ́ ní mímọ́, kì í ṣe pé olùkọ́ ń jowú. Ẹ ó fọ ọwọ́ dé ìgúnpá fún ó kéré tán ìṣẹ́jú àáyá 30, ẹ ó wọ aṣọ, ìbòmú, ìbòrí tó bo irun yín pátápátá, ẹni tó bá di irun ńlá kó béèrè èyí tó fẹ̀. Nínú hood, àpótí ńlá tí wọ́n ti ń po oògùn, afẹ́fẹ́ tí wọ́n ti sẹ́ ló ń fẹ́ jáde, ohun tí ò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀ ni kí ọwọ́ yín wà láàárín ibi tí afẹ́fẹ́ yẹn ti ń bọ̀ àti orí ìgò oògùn. Ẹ máa ṣiṣẹ́ ní ínṣì mẹ́fà sínú, kì í ṣe létí. Ẹ fi alcohol 70% nu orí ìgò, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó gbẹ, fífín tí wọ́n ń fín in sí i lásán ò tó. Ọwọ́ yín á máa gbọ̀n níbẹ̀rẹ̀, á lọ.

Trainee, ìka títẹ̀, àti ìkọ́ṣẹ́

Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan oògùn nínú fámásì gidi ní Texas, ẹ ní láti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Texas State Board of Pharmacy bíi trainee. Wọ́n á ní kẹ́ ẹ lọ tẹ̀ka, FBI àti ọlọ́pàá state á yẹ̀ yín wò. Ìwé trainee yìí ọdún méjì péré ló ń lò, wọn kì í tún un ṣe. Nítorí náà ẹ má gbà á lọ́jọ́ tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ronú àtilọ school, ẹ jẹ́ kí olùkọ́ sọ ìgbà tó yẹ. Tí ẹjọ́ kan bá wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ì báà jẹ́ kékeré, ẹ kọ ọ́ bí fọ́ọ̀mù ṣe béèrè ẹ̀, ohun tí wọ́n bá fúnra wọn rí tẹ́ ẹ ò sọ ló ń dìjà.

Ẹ ó lọ sí fámásì títì, ẹ ó lọ sí ilé ìwòsàn bí school bá ní àyè. Ní fámásì, wọ́n á fún yín ní àwo àti ọ̀bẹ pẹlẹbẹ, ẹ máa ka hóró ní márùn-ún márùn-ún, ẹ sì nu àwo náà lẹ́yìn penicillin àti sulfa torí èérún ẹ̀ lè dá wàhálà sílẹ̀ fún ẹni tí ara ẹ̀ kọ̀ ọ́. Ìnṣọ́ráǹsì ló máa jẹ ọjọ́ yín. Lórí káàdì, ẹ wá BIN, PCN, Group àti ID, àwọn nọ́ńbà tó ń sọ ìnṣọ́ráǹsì tí aláìsàn ní, wọ́n á kọ̀ ọ́ tí ọ̀kan bá yí. Tí wọ́n bá ní prior authorization, ìyẹn pé àwọn ní láti kọ́kọ́ fọwọ́ sí oògùn náà, dókítà ló máa kọ̀wé sí ìnṣọ́ráǹsì, ẹ ṣàlàyé ẹ̀ fún aláìsàn pẹ̀lú sùúrù, wọ́n á bú yín lórí ohun tí kì í ṣe ẹjọ́ yín, ẹ má fèsì.

Ó kù síbì kan tó nira fún ọmọ Yorùbá. Màmá àgbà kan á dé káàǹtà, wọ́n á ka orúkọ tó wà láyà yín, inú wọn á dùn, wọ́n á ní, "Adéọlá! Ọmọ mi, ṣé mo lè máa mu àgbo jẹ̀dí tí mo gbé látilé pọ̀ mọ́ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yìí?" Ẹ lè mọ ìdáhùn ẹ̀, àmọ́ kò gbọdọ̀ ti ẹnu yín jáde. "Ẹ kú àárọ̀, Mà. Ẹ jọ̀ọ́, Mà, ẹ jẹ́ n pe pharmacist wá bá yín sọ̀rọ̀." Tí òyìnbó bá nira fún wọn tí pharmacist sì ní kẹ́ ẹ bá òun túmọ̀, ẹ túmọ̀ ohun tó sọ, kẹ́ ẹ má fi tiyín kún un. Ẹlòmíì tún wà, àǹtí kan láti ṣọ́ọ̀ṣì tó máa fi ẹ̀rín béèrè pé, "Mo rí Bọ̀dá Túndé níbí lánàá, ṣé kò sí o?" HIPAA ti 1996, òfin tó ń dáàbò bo àṣírí aláìsàn, ni ìdáhùn ẹ̀. Ẹ ní, "Àǹtí mi, mi ò lè sọ ti ẹnikẹ́ni o," ẹ béèrè ọjọ́ ìbí tiwọn, ẹ wá oògùn tiwọn.

Ẹ máa pe orúkọ oògùn sókè nínú mọ́tò, bí àwọn ará ibí ṣe ń pè é, torí fóònù pọ̀ lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Tẹ́ ẹ bá ń sọ lẹ́tà fún ọ́fíìsì dókítà, ẹ fi ọ̀rọ̀ gbè é, B bí boy, D bí dog.

Ìdánwò

Méjì ni Texas ń gbà, PTCE ti àjọ PTCB àti ExCPT ti àjọ NHA. PTCB ni ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ń dárúkọ nínú ìpolówó iṣẹ́ wọn, òun ni èmi á sọ pé kẹ́ ẹ ṣe. $129 ni owó ẹ̀. Ìbéèrè 90, wọ́n ń ka 80 nínú ẹ̀, mẹ́wàá yòókù wọ́n kàn ń dán wọn wò, ẹ ò sì ní mọ èwo ni, nítorí náà ẹ dáhùn gbogbo ẹ̀. Wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 50 lẹ ní. Máàkì wà láti 1,000 dé 1,600, ẹni tó bá ní 1,400 ti yege. Apá tó tóbi jù nínú ẹ̀ ni ti oògùn fúnra ẹ̀, lẹ́yìn náà ààbò aláìsàn, títẹ ìwé oògùn wọlé àti òfin ìjọba àpapọ̀. Òfin Texas ò sí níbẹ̀, ẹ má fi àkókò ṣòfò lé e lórí lọ́sẹ̀ ìdánwò. Ẹ ṣe é kété tẹ́ ẹ bá parí ẹ̀kọ́, ẹni tó bá ní òun fẹ́ sinmi ná, orúkọ oògùn kì í dúró dè é.

Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá yege

Yíyege ò tíì sọ yín di tech ní Texas. Ẹ padà sí Texas State Board of Pharmacy, ẹ sọ ara yín láti trainee di pharmacy technician, ẹ dúró kó jáde kẹ́ ẹ tó fi orúkọ yẹn pe ara yín níbi iṣẹ́. Ibi tẹ́ ẹ ti kọ́ṣẹ́ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ béèrè iṣẹ́, wọ́n ti mọ ọwọ́ yín. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kówó lé e, ẹ lọ sápá IV (oògùn tó ń gba inú iṣan wọlé) ní ilé ìwòsàn, PTCB ní ìwé ẹ̀rí CSPT fún àwọn tó ń po oògùn abẹ́rẹ́.

Ọdún méjì méjì lẹ ó máa tún un ṣe, PTCB àti Texas, wákàtí ẹ̀kọ́ 20 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń béèrè. PTCB fẹ́ kí wákàtí kan jẹ́ ti òfin, kan jẹ́ ti ààbò aláìsàn, Texas sì fẹ́ kí ọ̀kan jẹ́ ti òfin Texas, nítorí náà wákàtí òfin Texas kan náà lè jẹ́ fún ibi méjèèjì. Ọ̀fẹ́ pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ máa ṣe wákàtí kan lóṣù, kí gbogbo ẹ̀ má rọ́ lù yín lọ́sẹ̀ tó kẹ́yìn. Tẹ́ ẹ bá kó kúrò ní Alief lọ sí Katy, tàbí tẹ́ ẹ bá pààrọ̀ ibi iṣẹ́, ẹ sọ fún board láàárín ọjọ́ mẹ́wàá, orí wẹ́bùsáìtì wọn lẹ ti máa ṣe é.